Ohùn Tí Afeefah Gbà Láì Tọrọ

Ẹ̀rọ náà kọ ohùn Afeefah fún ìgbà kẹsàn-án. Ó gbé ẹnu súnmọ́ máìkì, ó tún gbólóhùn tó wà lójú kọ̀ǹpútà kà, àmì pupa sì tún jáde. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ̀hìndé, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, yọ ohun tó fi sétí, ó rẹ́rìn-ín.

"Afeefah, Yorùbá rẹ yìí ti mu omi Accra jù," ni ó wí. "Bí ẹni ń sọ Twi lo ṣe ń sọ ọ́."

Afeefah ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ń retí èsì ìdánwò àṣekágbá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Accra ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé sí. Ìyá àgbà rẹ̀, Àlájà Ràbíátù, tó ti Ìnísà wá nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti sádìnnì ní àdúgbò Tudu.

Afeefah gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ kì í fẹ́ sọ ọ́. Nílé ìwé, bí ó bá ṣèèṣì sọ ọ́, "Alata", orúkọ tí wọ́n fi ń bú ọmọ Yorùbá níbẹ̀, ni wọn yóò máa pè é títí ọjọ́ yóò fi kanrí. Nítorí náà ó gbé èdè náà pamọ́ bí ẹni gbé aṣọ tó ya pamọ́. Ìgbà tó wá gbọ́ pé owó wà nínú rẹ̀ ló tó rántí ibi tó gbé e sí.

Ilé iṣẹ́ tó ń gba ohùn àwọn ọ̀dọ́ yìí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Òkè òkun ni àwọn tó ni ín wà, kò sì sí ẹni tó rí ojú wọn rí nínú àwọn òṣìṣẹ́. Ọláṣẹ̀hìndé, tó ti Èkó wá, ló máa ń sọ fún wọn pé ohun tí ọmọ Accra ń gbà ní oṣù kan níbẹ̀, ẹlẹgbẹ́ wọn ń gbà á lọ́hùn-ún kí ọjọ́ méjì tó pé. Ó máa ń fi í ṣẹ̀rín ni. Bàtà funfun ló máa ń wọ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́.

"Àwọn ẹ̀rọ ayé gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbọ́ Faransé," ni ó sọ fún wọn lọ́jọ́ náà. "Bí ìyá yín bá bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kò ní gbọ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Àwa la máa kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀dọ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ohùn àgbà la kò ní, pàápàá ti obìnrin. Ẹni tó bá mú ogún wákàtí ohùn ìyá àgbà wá, tó sì kọ gbogbo ohun tí ìyá náà sọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká yìí di tirẹ̀."

Òótọ́ ni ohun tó sọ nípa àwọn ẹ̀rọ náà. Ìyẹn gan-an ló ń kó ni nírìíra, nítorí òótọ́ ló fi bo ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Afeefah wo kọ̀ǹpútà náà. Ó tún un wò. "Mo lè bẹ ìyá àgbà mi," ni ó wí.

"Bí àgbà bá ti mọ̀ pé ẹ̀rọ ń gbọ́ òun, ohùn rẹ̀ á yí padà," ni Ọláṣẹ̀hìndé dáhùn. "Ohùn ilé la fẹ́. Ìwọ ṣáà bá a tẹ 'Mo gbà' síbí. Ìwé lásán ni."

Afeefah mọ̀ pé bí òun bá bèèrè, Àlájà lè sọ pé rárá. Ìdí nìyẹn tí kò fi bèèrè. Ó tẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, fóònù Afeefah kì í kúrò lẹ́yìn àwọn agolo mílíìkì ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ó ń gba ohùn Àlájà sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, yóò gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Gbogbo ìgbà tí Àlájà bá kírun àsùbáà tán, yóò jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, yóò wúkọ́ díẹ̀, yóò sì máa fi oríkì rẹ̀ jí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àbẹ̀ní ọmọ mi. Àbẹ̀ní tí ìyá rẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́ kó tó lọ. Jí, ilẹ̀ ti mọ́. Oore ọjọ́ òní ń dúró dè ọ́."

Láti kékeré ni Afeefah ti ń gbọ́ ọ, bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù. Nígbà tó wá kan kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kò yé òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.

"Àlájà, kí ni wọ́n ń pè ní 'olóògbé'? Kí ló dé tí ẹ ń pè mí ní Àbẹ̀ní?"

Àlájà gbé agolo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ lò ń bi mí ní Yorùbá?" Ojú rẹ̀ tàn. "Wá jókòó. Àbẹ̀ní ni ọmọ tí a bẹ̀ kí a tó ní in. Ọdún mẹ́jọ ni ìyá rẹ fi bẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sí ẹni tí Àlájà kò sọ fún. Ó sọ fún Àlájà Àmínátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Kantamanto. Ó sọ fún gbogbo obìnrin inú Asalátù, ẹgbẹ́ àdúrà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣáájú ní àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. "Ọmọ mi ti ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀," ni ó ń wí, "láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú." Ó wá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kí ọmọ náà lè gbọ́, ó sì ń fa ìtàn yọ. Ohùn àtàtà ni fún ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kan ó rí fóònù náà. "Kí lèyí ń ṣe lẹ́yìn mílíìkì?"

"Mo ń fi kàwé ni, Àlájà."

"Má jẹ́ kó já bọ́," ni Àlájà wí, ó sì rọra tì í wọ inú kí ó má baà ṣubú.

Ogún wákàtí pé. Kọ̀ǹpútà dé ilé. Afeefah ní ẹ̀bùn iṣẹ́ àṣekára ni wọ́n fún òun. Àlájà tẹ́wọ́ àdúrà lé e lórí, ó sì wá aṣọ funfun tí wọn yóò máa fi bò ó kí eruku má baà bà á jẹ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Afeefah ń bọ̀ láti ọjà Agbogbloshie, iṣu mẹ́ta wà nínú ọpọ́n lórí rẹ̀. Ó gba ibùdókọ̀ Tudu kọjá, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Èkó ti ń kérò. Ó gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àbẹ̀ní ọmọ mi."

"Mà," ni ó dáhùn, ó sì yíjú padà. Kò rí Àlájà. Gbohùngbohùn kan ló rí lókè ilẹ̀kùn ilé tẹ́tẹ́ tuntun kan.

"Àbẹ̀ní ọmọ mi. Jí, ilẹ̀ ti mọ́. Oore ọjọ́ òní ń dúró dè ọ́. Wọlé wá ta tẹ́tẹ́."

Awakọ̀ kan tó jókòó lórí táyà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá yìí mọ èèyàn pè," ni ó wí, ó sì ń sín ikọ́ náà jẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ohùn náà kò sinmi. Ó wúkọ́, ó pè, ó tún wúkọ́. Ẹni tí kì í gba káàdì tẹ́tẹ́ láàyè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń kéde tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ tó fi ń jí ọmọ aláìníyàá ló sì fi ń kéde rẹ̀. Afeefah gbé iṣu sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí gọ́tà, ó sì bi gbogbo kẹ́ńkẹ́ tó jẹ láàárọ̀ sínú rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn àdúrà, Àlájà Àmínátù dìde láàárín àwọn obìnrin Asalátù, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mùnírù ọmọ-ọmọ mi ti fi owó ìdánwò rẹ̀ ta tẹ́tẹ́," ni ó wí. "Mo bá a wí. Ó ní, 'Ṣebí Àlájà Ràbíátù ló ní ká wọlé.' Mo pè é ní òpùrọ́, ló bá lọ gba èyí sílẹ̀ wá fún mi." Ó tẹ fóònù náà. Ikọ́ náà jáde, lẹ́yìn náà ohùn.

Àlájà Ràbíátù gbọ́ ọ dé òpin. "Ohùn mi ni," ni ó wí. "Ẹnu mi kọ́ ló sọ ọ́."

Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yé? Àwọn obìnrin wo ara wọn. Obìnrin kan rọra fa ẹní rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní kí Àlájà sinmi díẹ̀ ná, kí ẹlòmíràn máa ṣáájú àdúrà. Afeefah jókòó lẹ́bàá ògiri, ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Ọláṣẹ̀hìndé. Ẹja díndín ló ń jẹ. Ó ń fa egungun yọ láàárín eyín, ó sì ń tò ó sórí ìwé àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́.

"Ẹ yọ ohùn ìyá àgbà mi kúrò," ni Afeefah wí.

"Ta ló tẹ 'Mo gbà'?"

"Èmi ni."

"Ó dáa tí o mọ̀. Àwa kì í ta tẹ́tẹ́. Ohùn là ń tà. Ẹ̀rọ tó bá ti kọ́ ohùn èèyàn lè fi sọ ohunkóhun. Ohun tí oníbàárà bá fi ṣe, òun ló mọ̀ ọ́n." Ó lá ìka rẹ̀. "Iyọ̀ tó ti yọ́ sínú ọbẹ̀, ta ló lè yọ ọ́? Ìyá yẹn gbajúmọ̀ gan-an. Ṣé kò ní ọ̀rẹ́? A ṣì nílò ohùn."

Afeefah gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì pẹ̀lú aṣọ funfun tó bò ó, ó sì jáde. Ó kórìíra ọkùnrin náà débi pé kò fẹ́ kí ọwọ́ òun kan irin àtẹ̀gùn tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ìsàlẹ̀, ó rántí ẹni tó gbé fóònù sẹ́yìn mílíìkì. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ara òun gan-an ló wá ń rí i lára.

Ó bá Àlájà ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀. "Àlájà, mepaakyɛw, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni." Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Àlájà ń yí ojú àwọn agolo síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá bèèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ìgbà tí ò ń bi mí ní Yorùbá ńkọ́?"

Ó wu Afeefah kí ó purọ́, kò purọ́. "Iṣẹ́ ni, Àlájà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Mo ti sọ fún gbogbo wọn," ni Àlájà wí, ó sì ń bá agolo rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Afeefah dìde láàárín Asalátù. Yorùbá tó ń tì í lójú ló fi sọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀. "Àlájà kò mọ nǹkan kan. Èmi ló jí ohùn wọn. Mo tẹ 'Mo gbà', wọn kò gbà. Mo fi gba kọ̀ǹpútà." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àlájà Àmínátù kọ́kọ́ sunkún, lẹ́yìn náà ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ipò Àlájà Ràbíátù padà fún un lọ́jọ́ náà.

Orúkọ Àlájà padà sí ààyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà. Àwọn obìnrin náà lọ bá ẹni tó ń bójú tó ilé tẹ́tẹ́ náà. Ó ní ọ̀gá òun ló rà á, òun kò lè pa á. Àlájà kì í gba ibùdókọ̀ kọjá mọ́. Títí di òní, fóònù ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ Yorùbá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn nípa ìlọsíwájú tàn yín jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn yín, orúkọ yín tàbí àwòrán ìyá yín, ẹ bi í pé kí ni yóò fi ṣe. Ohun tó bá sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò tọrọ nítorí ó mọ̀ pé wọn kò ní fún òun, olè ni, kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ inú ilé.

Ní Tudu, ohùn náà ṣì ń pe Àbẹ̀ní látàárọ̀ dalẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń kọjá ló ń pè. Nílé, bí Àlájà bá kírun àsùbáà tán, kì í jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, yóò sì kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

"Afeefah, dìde. Ilẹ̀ ti mọ́."