Àwo Àwọn Tó Wà Láàyè

Lórí àwo orin, àlàfo kékeré kan máa ń wà láàárín orin kan àti èkejì, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń rìn lásán. Kò yẹ kí èèyàn gbọ́ ẹnikẹ́ni tó ń mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ọ̀sán gangan ni, mo ń gbé páálí kọjá nínú yàrá tí a ti ń dán àwo wò nílé iṣẹ́ wa tó ń tẹ àwo orin. Ẹni náà mí sínú, ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá orin. Lẹ́yìn náà ni orin tó kàn wọlé.

Obìnrin tó ń dán àwo wò gbé abẹ́rẹ́ sókè. "Dákẹ́jẹ́ẹ́," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, "ṣé ẹ gbọ́ nǹkan ni?"

Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó máa ń mí báyẹn kó tó kọrin. Àbúrò mi ni, àbúrò mi sì ti kú.

Gìtá ló ń ta nígbà ayé rẹ̀. Inú gáréèjì ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ orin rọ́ọ̀kì wọn, kó tó di pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí eṣú ní ìlú wa. Ẹni tó ń lu ìlù fún un, tí gbogbo wa ń pè ní Onílù, ló bá a jà, tó kó àwọn yòókù lọ. Àìsàn àyà ló pa àbúrò mi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa wá fẹ́ kó orin wọn jọ sórí àwo kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ kan orin kan, Onílù ni wọ́n ní kó ṣà á.

Ìyá wa, tí ojú wọn ti fọ́, ní kí n mú àwọn lọ bá a.

"Orin kan péré, ọmọ mi," ni ìyá wa wí. "Kí wọ́n má baà máa ṣe bí ẹni pé ọmọ mi ò wá sáyé rí."

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ni Onílù dáhùn, fóònù rẹ̀ ló ń wò. "Àwo yìí, ti àwọn tó wà láàyè ni."

Ìyá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ilé iṣẹ́ wa ló gba iṣẹ́ àwo náà. Ike dúdú tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ kò tètè dé. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, a máa ń lọ àwo tí kò tà, a ó yọ́ ọ, a ó sì fi tẹ tuntun. Onílù ní òun ní àwọn kan tó ń gbàyè nílé òun. Wọ́n já wọn sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìlọ̀ tí mò ń bójú tó. Mo ṣí páálí àkọ́kọ́. Àwo tí àbúrò mi ṣe nígbà ayé rẹ̀ ni; ojú rẹ̀ ló ń wò mí lára àpò àwo.

Kí a tó lọ àwo, a máa ń fi irin gé àárín rẹ̀ sọnù, nítorí bébà tí orúkọ olórin wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ ike. Ọwọ́ mi ò gbé e.

Fóòmán dúró lẹ́yìn mi. "Kí ló dé? Ike ni o, kì í ṣe èèyàn."

"Orúkọ àbúrò mi ló wà lára ẹ̀."

"Orúkọ náà la ṣáà fẹ́ gé. Ẹ mú un wá." Ó gba irin lọ́wọ́ mi, ó ń gé orúkọ náà sínú garawa, ó ń súfèé. Èmi ni mo da ìyókù sẹ́nu ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Àwo náà tà bí iṣu ọdún tí ìyàn mú. Níbẹ̀rẹ̀, mímí tí mo gbọ́ ní yàrá ìdánwò yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn kan ń gberin lẹ́yìn gbogbo ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀. Kò pẹ́, òun ló ń lé orin, àwọn olórin gan-an ló wá ń gbè é. Wọ́n bi Onílù lórí rédíò pé ta ló lóhùn dídùn yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni.

Mo ra ọ̀kan lọ fún ìyá wa. Kí n má parọ́, inú mi dùn. "Màmá, wọ́n lé e lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ojú fèrèsé wọlé!" Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ohùn náà jáde, ó mọ́ gaara. Ìyá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ yín ni. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń mí?"

"Ohùn ọmọ mi ni. Ẹni tó gbé e wọ̀ kì í ṣe ọmọ mi." Ìyá wa rápálá dé ìdí sípíkà, wọ́n fi etí kàn án. "Ọmọ mi nìyí, lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń sunkún."

Mo tẹ́tí. Mo gbọ́ ọ: ẹkún ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ń gbé e mì kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Ẹnì kejì ń kọrin bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń dùn sí i.

Mo na ọwọ́ láti pa á. Ìyá wa gbá ọwọ́ náà dànù.

"Ọmọ ń sunkún, o fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?" Wọ́n gbá sípíkà mọ́ra, wọ́n ń mì síwá sẹ́yìn. "Ó tó, ọkọ mi. Ó tó."

Ìgbà náà ni àwọn aládùúgbò tan àwo tiwọn. Ìyá wa gbé orí sókè, wọ́n kọjú sí fèrèsé.

"Ó tún wà lọ́hùn-ún náà," ni wọ́n wí. "Gbé mi dìde, jẹ́ ká lọ bá a."

Mo ronú kan gbogbo àwo náà tí mo ti fọwọ́ ara mi kó sínú ọkọ̀, tí ọkọ̀ ti gbé lọ káàkiri. Mi ò lè sọ fún wọn. Mo gbé wọn dìde.