Ẹni Tó Ń Wẹ Ọmọ Mi ní Al Mamzar

Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ ni ìyá mi ti ń pè mí láràárọ̀ láti Ìkirè, kò sì jẹ́ kí n rí ojú òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fídíò ni ìpè náà, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni mo ń rí. Ó ní kámẹ́rà ló bàjẹ́. Ó tún ní kí n má sọ fún Bámijí ẹ̀gbọ́n mi pé òun ń pè. Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún kòrónà ni. Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti dá wa dúró tòun ti oyún nínú mi. Gabriel ọkọ mi ń ṣọ́ ilé gíga kan ní Al Khan; iléeṣẹ́ wọn ti àwọn gáàdì mọ́bẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde. Láti ojú fèrèsé yàrá mi ní Al Mamzar, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, mo ń rí iná ilé náà ní òdìkejì omi, àmọ́ kò tíì fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Èmi àti jòjòló la wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn ìyá mi.

"Fi ìgbọ̀nwọ́ kan omi wò," á wí. "Ó ti gbóná jù. Di orí rẹ̀ mú. Ìwọ náà, jẹun kó o tó sùn. Ikùn òfìfo kì í mú omi ọmú wá." Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ ń mu ọmú dáadáa, ara mi ń le. Àfi ọjọ́ kan tó ní kí n fi tówẹ̀lì pupa tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ n kò tan kámẹ́rà tèmi.

Nùsírátù, tó háyà yàrá kejì, kan ilẹ̀kùn mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ta ni màmá tó ń kọrin fún béébì láràárọ̀? Visitor ò allowed. Watchman máa report wa."

"Fóònù ni. Ìyá mi ni."

"Fóònù kẹ̀?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀."

Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí n wádìí. Nígbà tí àrùn bẹ̀rẹ̀, Bámijí ní kí Màámi má jáde. Èmi ni mo sunkún sí Màámi létí pé ìyá àwọn ẹlòmíì ń wá wẹ ọmọ fún wọn. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó nítorí físà, kó lè wá bá mi. Wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú pa, ó padà sílé pẹ̀lú ikọ́. Bámijí ní ara rẹ̀ ti yá. Nínú ìpè òwúrọ̀, kò húkọ́ rárá, mo sì ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, orí fóònù la ti sọ ọmọ lórúkọ. Ẹbí pé sí pálọ̀ wa ní Ìkirè, gbogbo wọn wọ ìbòmú. Mo ń wá ojú ìyá mi láàárín wọn. Bámijí gbé oyin sókè, ó ní, "Orúkọ tí ẹbí sọ ọ́ ni Yétúndé."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Àǹtí wa kan pariwo, "Bámijí! Ẹnu ẹ!"

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. A kì í sọ ọmọ ní Yétúndé nígbà tí ìyá àgbà ṣì wà láyé.

"Ọ̀sẹ̀ kan kó o tó bímọ ni Màámi lọ," ni Bámijí wí, ó ń sunkún. "A ò fẹ́ kí ọmú gbẹ ni, Tóyìn."

Mo gbá ọmọ mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé ìyá mi ló tún padà wá sáyé yìí, ta ló ń bá mi wẹ ọmọ?

Mo pa fóònù. Ilẹ̀ mọ́, n kò tan án. Mo gbé omi kalẹ̀, mo gbé ọmọ sínú rẹ̀. Ohùn náà sì dé, kì í ṣe láti inú fóònù. Ẹ̀yìn mi gan-an ni, jẹ́jẹ́: "Di orí rẹ̀ mú."

N kò yíjú padà. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà ju ẹ̀rù lọ. "Màámi," mo wí, "ṣé èmi ni mo pa yín?"

Mo dúró kó sọ pé rárá. Ojú ọmọ ń tẹ̀ lé nǹkan kan lókè èjìká mi.

"Omi ọmọ ń tutù," ni gbogbo ohun tó wí.