Ẹni Tó Bá Ní Èèyàn, Kó Dìde

Orí àga ni ọkùnrin náà wà lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fojú kàn án. Píìnì kún ẹnu rẹ̀, ó na apá méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ di òrùlé mú. Èsì ìdánwò ló ń kàn mọ́ pátákó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti rọ́ yí i ká, oníkálukú ń na ọrùn wá nọ́ńbà tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i pé ẹsẹ̀ àga ń mì. Nọ́ọ̀sì rí i. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, aṣọ funfun ṣì wà lára rẹ̀, ojú tó fi ń ṣọ́ aláìsàn tó fẹ́ já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ló fi rí i. Ó fi èjìká la èrò kọjá, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àga mú.

"Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀," ó wí. "Ó ti rẹ àga yìí."

Ọkùnrin náà wo ìsàlẹ̀. Píìnì ò jẹ́ kó lè fèsì, ló bá fi orí dúpẹ́. Ká má purọ́, bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Nọ́ọ̀sì ìbá ti rí i pé ojú ọkùnrin náà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n èsì ló gbé e wá. Bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni òun ń wá nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìwé, nígbà tó sì rí i, òdo ló bá níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé máàkì kéré o. Òdo ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí òdo yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé obìnrin náà ṣubú. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní yàrá àwọn ọmọdé. Àgbà obìnrin tó ń darí yàrá náà ń fẹ̀yìn tì, àwọn aláṣẹ ọsibítù sì ti ní Nọ́ọ̀sì làwọn máa fi rọ́pò rẹ̀, bí ìwé ẹ̀rí yunifásítì bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ọdún tó parí. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ó ti fi oorun rẹ̀ kàwé, ó ti fi ìsinmi rẹ̀ kàwé. Òdo wá jókòó síbẹ̀ ó ń wò ó.

Ó tẹ̀lé ọkùnrin náà wọ ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà ló ń bójú tó ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka wọn, Ọ̀gá Yúníìtì làwọn ọmọ iléèwé sì ń pè é, torí bí èèyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní, "Káàárọ̀, yúníìtì rẹ ti pé?" Ó wo ìwé Nọ́ọ̀sì, ó bi í bóyá ó jókòó ìdánwò ẹ̀kọ́ ìṣirò tó forúkọ sílẹ̀ fún. Nọ́ọ̀sì ní rárá, òun ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ tipẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ, àárọ̀ lòun sì wà lẹ́nu iṣẹ́, bí òun ò ṣe lọ mọ́ nìyẹn, tóun wá mú òmíràn tí wọ́n ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

"Ṣé ẹ wá sọ fún wa pé ẹ fi í sílẹ̀?"

"Mi ò kúkú lọ mọ́, kí ni mo tún fẹ́ wá sọ? Ní ọsibítù wa, aláìsàn tí a dá ọjọ́ fún, tí kò wá, a máa ń dá ọjọ́ mìíràn fún un ni. A kì í kọ ọ́ pé ó ti kú."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọkùnrin náà. Ó wo ojú obìnrin náà, ó gbé ẹ̀rín mì. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé pé ti ibí yìí yàtọ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ti ń retí rẹ̀. Bí kò bá wá pa orúkọ náà rẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó kọjá, òdo ni wọ́n máa kọ fún un lọ́jọ́ ìdánwò. Yúníìtì ni ìwúwo ẹrù: ẹ̀kọ́ tí yúníìtì rẹ̀ pọ̀, bí èèyàn bá yege, á gbé e sókè dáadáa, bó bá sì gba òdo, gbogbo ìwúwo yẹn ló máa fà á wálẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣirò yìí wúwo, dandan sì ni kéèyàn yege nínú rẹ̀ kó tó jáde.

"Ṣé kò sí ìdánwò àtúnṣe ni?"

Ó wà, ọkùnrin náà wí, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tó sì kùnà ló wà fún. Ẹni tí kò wá rárá, tí kò sì sọ ìdí, ọdún ló máa tún ṣe. Ìgbìmọ̀ ìdánwò nìkan ló lè pa òdo náà rẹ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi yé wọn pé òun ò mọ̀ ni, kì í ṣe pé òun sá. Ìgbìmọ̀ náà ò sì ní jókòó títí di òpin sáà.

Nọ́ọ̀sì tún òdo náà wò lórí ìwé. Ọkùnrin náà fa àga fún un. "Ẹ jókòó. Kò rẹ èyí ní tiẹ̀," ó wí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìwé ló ń gbé e wá. Tó bá ti ṣíwọ́, á yà ní ọ́fíìsì náà, ọkùnrin náà á ṣí ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á jọ máa kà á lábala lábala, torí ọkùnrin náà ní ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ló yẹ kó mọ òfin rẹ̀ lórí. Nígbà tó yá, wọ́n ń jẹun ọ̀sán pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà ń sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, bí àpẹẹrẹ ti olùkọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá jókòó, ìta ló máa ń wà tí á máa ka ìwé ìròyìn kan náà lákàtúnkà. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, kò fi ìtàn náà sọ́kàn.

Ọjọ́ kan wà tí ọkùnrin náà gbàgbé ara rẹ̀, tó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Kò pe "ẹ" mọ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe.

Ìfẹ́ kì í ṣeé bò mọ́lẹ̀ fún abiyamọ. Màmá Nọ́ọ̀sì, tó ń ránṣọ ní iwájú ilé, rí i pé ọmọ òun ń fi àtíkè kún ojú kó tó lọ yanjú ọ̀rọ̀ ìwé. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó, ó sì dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ohun tí kì í ṣe tí kò bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà lágbára.

"Ta ni ọkùnrin yẹn?"

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé. Màmá ò jẹ́ kó parí rẹ̀.

"Ẹni tí ìwé rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, o ní òun lo fẹ́ràn? Ìwọ mọ̀ pé o kàwé, èmi náà mọ̀. Ayé ńkọ́? Lọ́jọ́ tí o bá gba ìwé ẹ̀rí yẹn, wọ́n á ní ẹwà lo fi rà á. Bó ò bá sì gbà á, wọ́n á ní o tún kùnà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ẹnu ayé ò ní ìlẹ̀kùn, ọmọ mi. Ọkùnrin tàbí ìwé, yan ọ̀kan."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Nọ́ọ̀sì lára. Bó bá ń gbé ọmọ aláìsàn mọ́ra, á máa rò ó pé bóyá ẹlòmíràn ló máa gba yàrá yìí. Bó bá sì rò pé kóun má lọ sí ọ́fíìsì yẹn mọ́, inú rẹ̀ á dàrú jùyẹn lọ.

Ó padà lọ, ohun kan ṣoṣo ló sì bẹ̀bẹ̀ fún: kí ọkùnrin náà bá òun sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ òun bíi tirẹ̀. Ọkùnrin náà ń yí pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ó ní òun á wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Bí Nọ́ọ̀sì bá dé, á ní kó máa ka òfin náà fún òun láìwo ìwé, kó máa ro ẹjọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ni alága ìgbìmọ̀. Nọ́ọ̀sì rò pé ọkàn rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ òun ni. Ó sunkún nílé ìwẹ̀, níbi tí Màmá ò ti ní gbọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Nọ́ọ̀sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ pátákó èsì. Àwọn ìgbìmọ̀ wọlé. Ọ̀gá Yúníìtì ló wọlé kẹ́yìn, ìwé kún apá rẹ̀, kò sì wo ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin náà jáde ní ọwọ́ òfìfo, ó rọra pa á dé, ó wá jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì.

"Kí lo gbàgbé?" Nọ́ọ̀sì bi í.

"Mi ò gbàgbé nǹkan. Kí wọ́n tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni, alága máa ń ní kí ẹni tó bá ní èèyàn tirẹ̀ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde, kó jáde. Mo dìde."

Ojú Nọ́ọ̀sì ṣókùnkùn. "Orí ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n fẹ́ dé, o wá dìde? Ta ló máa wá ṣàlàyé fún wọn?"

"Ìwọ ni. O mọ̀ ọ́n tán. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Bí mo bá gbà ọ́ níbẹ̀ lónìí, wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ rẹ lọ́la."

"Kí lo sọ fún wọn pé mo jẹ́ sí ọ?"

Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀. "Mo ní ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni. Wọ́n ní ṣé ìwọ náà mọ̀. Mo ní rárá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìwé rẹ wà lọ́wọ́ mi, bí mo bá bi ọ́, báwo ni wàá ṣe lè sọ pé o ò fẹ́?"

Kí Nọ́ọ̀sì tó fèsì, akọ̀wé ìgbìmọ̀ yọjú, ó ní kó máa bọ̀.

Àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun ni alága. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì jókòó, kò sì fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ọkùnrin yìí ti sọ tirẹ̀, àwọn fẹ́ gbọ́ ti obìnrin. "Bí kò bá sí nǹkan kan láàárín yín, sọ ọ́, a ó pè é padà, torí òun ló mọ ọ̀rọ̀ ìwé rẹ jù lọ. Bí nǹkan bá wà, kò ní fọwọ́ kan ìwé rẹ mọ́ títí wàá fi jáde níbí, ìwọ nìkan lo sì máa ro ẹjọ́ rẹ. Èwo ni?"

Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e dé. "Kò sí" ò wúwo lẹ́nu. Bó bá sọ ọ́, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹni tó mọ òfin bí ẹní mọ ojú ọ̀nà ilé á wọlé wá gbà á. Ó rántí yàrá àwọn ọmọdé. Ó rántí Màmá àti ẹ̀rọ ìránṣọ tó dá dúró. Ó rò ó pé ọkùnrin tó wà níta yẹn ìbá lè jókòó jẹ́ẹ́, kó pa á mọ́ra, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

"Ẹ má pè é, sà," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ pé àfẹ́sọ́nà mi ni."

Akọ̀wé kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì wá dìde, ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé àìlọ yàtọ̀ sí ìfisílẹ̀. Ó sọ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí òun fi rọ́pò rẹ̀ tí òun sì yege, ó ka òfin tó fún ìgbìmọ̀ láṣẹ, ó ní òun ò bẹ̀bẹ̀ fún máàkì, àyè láti jókòó ìdánwò ni òun ń tọrọ. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ aláìsàn tí wọn kì í kọ pé ó ti kú, alága fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ló ń pa á.

Wọ́n fọ̀rọ̀ wérọ̀. Alága ní àwọn pa òdo náà rẹ́. Yóò bá àwọn tó ń ṣe àtúnṣe jókòó, ṣùgbọ́n bó bá kùnà, ọdún ló máa tún ṣe, kò sí ẹ̀bẹ̀ kejì.

Ọkùnrin náà ti dìde kó tó jáde. Nọ́ọ̀sì sọ ìdájọ́ fún un, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Wọ́n tún bi mí ní ìbéèrè kan ṣáájú," Nọ́ọ̀sì wí. "Mo dáhùn."

"Kí lo ní?"

"Lọ bi akọ̀wé. Ó wà nínú ìwé wọn."

"Nọ́ọ̀sì, jọ̀ọ́, má fi ẹ̀mí mi ṣeré."

Ló bá sọ ọ́ fún un, ní ohùn kékeré. Ọkùnrin náà padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Nílé, Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kí ọmọ òun tún apá kan sọ. "Ó dìde? Kò sẹ́ni tó fà á sókè?" Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni kankan. Màmá tún ẹ̀rọ ṣí, ó rán ẹsẹ̀ aṣọ kan tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà wá kí òun, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdánwò ni, torí òun ò fẹ́ àríwísí.

Nọ́ọ̀sì kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òun àti ọkùnrin náà ò ríra títí ó fi jókòó ìdánwò náà. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, akọ̀wé ló gun àga. Ọkùnrin tó jẹ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ èsì gbogbo ayé dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí pátákó, torí wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ fojú kan ìwé náà. Màmá dúró tì í, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó sì di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú.

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ Nọ́ọ̀sì lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà ò lè yíjú.

"Sọ fún mi," ó wí. "Yúníìtì rẹ ńkọ́?"

"Ó pé," Nọ́ọ̀sì wí. "Ìwọ nìkan ló kù."