Ọmọ Ogun Kẹsàn-án Tó Tẹ́tí

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò ní búra, nítorí ẹni tí wọ́n bá ti ń wò bíi pé orí rẹ̀ fẹ́ dàrú ló máa ń tètè búra. Ẹ ṣáà gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí èmi Lionel, ní Beeston nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà.

Bàbá mi kò dàgbà ju bí mo ṣe wà yìí lọ nígbà tó gbàgbé orúkọ màmá mi. Noreen ìyàwó mi mọ ìtàn náà dáadáa. Bí mo bá wá kọ́kọ́rọ́ tì, ojú rẹ̀ ti wà lára mi nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo gbé kẹ́tùlù kaná láìbu omi sí i, kò pariwo rárá. Ó kàn pa iná, ó jókòó.

Ó ní, "Lionel, bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, a máa lọ rí dókítà o."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti rí ilé ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n mú bàbá mi lọ. Ọ̀dọ̀ dókítà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ ti Selwyn Tranter. A jọ pín lẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, ẹlẹ́nu ṣóṣóró sì ni. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á tẹ́ aṣọ tó dà bíi koríko sórí tábìlì, wọ́n á to òkè àti ọgbà kéékèèké sí i, wọ́n á wá fi àwọn ọmọ ogun tí kò ga ju oríkèé àtàǹpàkò lọ ja ogun àtijọ́.

"Ogun ayé Napoléónì ni kó o fi bẹ̀rẹ̀," Selwyn sọ fún mi. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ ra rẹpẹtẹ. Ìjà kékeré la ń jà. Ọ̀gágun kan, sájẹ́ǹtì kan, ọmọ ogun mẹ́fà, ó ti tán. Ó máa mú orí ẹ jí pépé."

Ó fún mi ní férémù ike kan tó ṣẹ́ kù nínú páálí rẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ àti orí ló so mọ́ ọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi abẹ gé wọn, mo fi gúlúù lẹ̀ wọ́n, ọmọ ogun mẹ́jọ sì jáde. Kò ku ohunkóhun lára férémù náà tí mo fi sọ ọ́ nù.

Oníbọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, aṣọ àwọ̀ ewé ni irú wọn sì máa ń wọ̀. Ahun ni mí, n kò ra ọ̀dà. Èyí tí mo fi kun ilẹ̀kùn ọgbà ni mo pò mọ́ dúdú díẹ̀ àti búlúù díẹ̀ nínú ọmọrí ìgò jáàmù. Apá ọmọ ogun tó kẹ́yìn ni mo kùn dé tó fi tán. Mo gbìyànjú láti tún un pò, kò jọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí Selwyn rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ọmọ ogun nìwọ̀nyí, àbí kábéèjì tó ti rọ?"

A ja ìjà wa àkọ́kọ́, mo fìdí rẹmi, inú mi sì dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo to àwọn ọmọ ogun mi sórí tábìlì. Mẹ́sàn-án ni wọ́n.

Mo tún wọn kà. Ọ̀kan wà láàárín wọn, bàbá àgbàlagbà kan, tó tẹ orí, tó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn etí bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan. Aṣọ rẹ̀ àti tàwọn yòókù, àwọ̀ kan náà ni. Mo gbé e. Ó wúwo. Ike ni gbogbo àwọn tó kù, òjé nìyí.

"Selwyn, ìwọ lo fi eléyìí sí i?"

"Èwo? Amos?" Ó wò mí. "O ò dá Amos mọ̀ ni? Amos tó yìnbọn pa sájẹ́ǹtì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá! Mi ò tíì dárí jì í o."

"Mi ò ní Amos kankan."

"Ìwọ náà lo sọ ọ́ lórúkọ. Àbí ta ló tún ní irú àwọ̀ kábéèjì yìí láyé ńbí?"

Àwọn tó wà ní tábìlì kejì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn na ìka sí i, ó ní, "Amos, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ojú ẹnì kan ì bá ti tú u.

Mo ti ya fọ́tò àwọn ọmọ ogun mi sínú fóònù lọ́jọ́ ìjà àkọ́kọ́. Mo gbé e fún Noreen nílé.

"Bá mi kà wọ́n."

Ó kà wọ́n. "Mẹ́sàn-án."

Mo gba fóònù. Mẹ́jọ ni mo rí. "Fi ìka sórí èyí tó tẹ́tí."

Ó fi ìka sí i. Lójú tèmi, aṣọ koríko lásán ló wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Amos nìyí," ó ní. "Ìdí fèrèsé níbí lo jókòó sí tó o ń kun ojú rẹ̀, tí mò ń pè ọ́ wá jẹun tó ò dáhùn." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Lionel, ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i," mo yára sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ nípa Amos. Mo ń fọgbọ́n wádìí lẹ́nu Selwyn: ibi tí mo ti rí i rà, ìdí tí mo fi pè é bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo bá gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ fún Noreen bí ẹni pé èmi ni mo rántí. Ojú rẹ̀ rọ̀. Kò sọ̀rọ̀ dókítà mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kọrin nídìí àwo fífọ̀.

Èmi nìkan ni kò rọ̀ lọ́rùn. Nígbà tí ilé bá dákẹ́, tí mo bá dá sọ̀rọ̀ sí ara mi, mo máa ń dá ọ̀rọ̀ náà dúró láti wo orí pẹpẹ níbi tí Amos wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún ló fi sẹ́tí. N kò bi ẹnikẹ́ni. Bóyá ọ̀tún ló ti wà látilẹ̀, mo ti ń ṣìyè méjì sí ojú ara mi.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá, òkùnkùn ti ṣú kí a tó mu tíì. Àwọn ọmọ ogun Faransé ti Selwyn fo ọgbà kọjá. Ó da dáìsì tó máa sọ ẹni tí ìbọn wọn bá. Dáìsì náà yí, ó dúró. Ẹ̀rọ tó ń mú gbọ̀ngàn gbóná dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Amos ti kú," Selwyn ní, jẹ́jẹ́.

Mo gbé e kúrò lórí tábìlì, mo fi í sápò kóòtù. Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé nínú òjò, ó ń gbá mi nítan.

Noreen ń bó ọ̀dùnkún. Mo fẹ́ kó gbọ́ bí mo ṣe rántí nǹkan dáadáa tó, mo sì sọ ọ́ kí n tó bọ́ kóòtù.

"Selwyn ti pa Amos lónìí!"

Ọ̀bẹ dúró. "Ta ni Amos?"

"Amos. Èyí tó tẹ́tí. Ìwọ náà lo fi ìka hàn mí."

"Ọmọ ogun mẹ́jọ lo ní, Lionel."

Mo pe Selwyn, mo sì jẹ́ kí Noreen náà gbọ́ ọ lórí fóònù. "Ta lo pa nínú àwọn èèyàn mi lónìí?"

"Èmi kẹ̀? Àwọn kábéèjì rẹ lé mi wá sílé ni. O fẹ́ yọ ṣùtì sí mi ni?"

"Amos ńkọ́?"

"Amos wo?" ó ní. Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan nínú ohùn rẹ̀. "Lionel, ṣé Noreen wà nítòsí?"

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Ó wà níbẹ̀. Mo mú un jáde, mo la àtẹ́lẹwọ́ níwájú ìyàwó mi. Amos dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń rí i kedere. Ó ti gbé ọwọ́ kúrò létí.

Noreen wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé tèmi, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pẹlẹbẹ.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọkọ mi," ó ní. Omi ti lé sí i lójú.

Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó sì rin fún omi ọ̀dùnkún. Òjé náà tutù láàárín ọwọ́ àwa méjèèjì, ó sì ń gún mi. Kò jọ pé ó ń gún òun. Ọwọ́ kejì ló fi gba fóònù lọ́wọ́ mi, tó fi dágbére fún Selwyn, tó sì fi pe ọ̀dọ̀ dókítà kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.