Ohun Tí Awakọ̀ Náà Kò Sọ fún Ìyá

Iṣẹ́ kan dé sórí fóònù: "Ìyá ní kí o wá. Ojú rẹ ni wọ́n fẹ́ rí." Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni obìnrin tó ti wakọ̀ fún àwọn ọmọ ogun nígbà kan jí lójú ọtí, tó fi fóònù rẹ̀ tó ti kú sí ṣájà. Iṣẹ́ kejì ti wọlé: "Ìyá ti dákẹ́ lánàá."

Ìyá yìí kọ́ ló bí i; ọmọkùnrin ìyá náà jẹ́ ṣọ́jà. Inú ọkọ̀ obìnrin náà ló kú sí. "Bọ́ǹbù ni," ni obìnrin náà sọ fún ìyá. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń súre fún un: "Ìwọ tí o di ọmọ mi mú títí dópin, o ò ní rí ibi." Ìsúre yẹn a máa ta á bí ata lójú egbò. Kò sí bọ́ǹbù kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló mutí yó kó tó jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì wà á já sí kòtò.

Ẹ má rò pé kò wá ìwòsàn. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, àwọn tó ti ogun dé máa ń jókòó kọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọn a fà á ya kí ọkàn lè fúyẹ́. Ó ràn án lọ́wọ́: ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ òtítọ́ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò pé bébà tó ya ti di ìdáríjì. Yóò kọ, yóò sunkún, yóò fà á ya, yóò sì gba ilé ọtí lọ.

Yàrá ìkọ̀wé náà ló sá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn lójú ogun, tí gbogbo wọn ń pè ní Kúùkù, ń to àga.

"Dẹ́rẹ́bà, ojú ẹ mà dà bí ìdí ìkòkò mi àtijọ́!"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ìyá ti kú. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún báyìí? Ẹ fún mi ní bébà."

"Mélòó lo ti fà ya, àbúrò mi? Bébà á gbà á lọ́wọ́ ẹ, kò lè dárí jì ọ́. Èmi náà mutí débi tí mo ń sùn ti iná ìdáná. Jésù ló gbà mí. Sọ ọ́ fún un, má bù ú kù."

"Èmi tí mo pa ọmọ ọlọ́mọ?"

"Olè tí wọ́n kàn mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbà wo ló ráyè tún ìwà ṣe kí Jésù tó gbà á?"

Ó wó lulẹ̀ láàárín àga. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: ọtí, kòtò, irọ́. Ó ké bí ẹni tí odò ń gbé lọ: "Jésù, mi ò ní ibòmíràn. Gbà mí!"

Ìbàlẹ̀ ọkàn tí ìgò kankan kò fún un rí wọ inú rẹ̀. Ó dìde, ó gba ilé ìyá lọ. Aránṣọ kan, ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin tó kú náà, ló ṣílẹ̀kùn. Ó dì mọ́ ọn. "Ìwọ ni màmá ń pè títí tí ohùn wọn fi lọ."

Ìyá kò sí mọ́. Ta ni yóò tún bi í léèrè? Irọ́ náà lè bá òkú wọlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tí o ń ka ìwé yìí, kí ni ìwọ náà ń fẹ́ sin pẹ̀lú òkú? Ọlọ́run ti rí i, ó sì ń pè ọ́ síbẹ̀. Má ṣe sọ pé ó di ìgbà tí o bá jáwọ́ nínú ọtí. Bí o ṣe rí yìí gan-an ni kí o wá, lónìí. Kúnlẹ̀, jẹ́wọ́, gba Jésù gbọ́. Yóò fún ọ lágbára tó fún obìnrin yìí lẹ́nu ọ̀nà náà.

Nítorí ó rọra yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ aránṣọ náà, ó sì wò ó lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí bọ́ǹbù. Mo mutí yó, mo wakọ̀, èmi ni mo pa àbúrò yín. Mo ti sọ fún Ọlọ́run, màá sì lọ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá wa. Bí ẹ bá lé mi, ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín mọ́."