Odó Kan, Àyà Méjì

Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ni àyà àbúrò mi Malikah ti ń súfèé. Súfèé yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè bí a bá sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó lo àgúnmu tí mo gún, mo bá a tó ń sùn lórí ẹní, kò sí ariwo kankan. Mo fọwọ́ síwájú imú rẹ̀. Ó ń mí. Ìmí náà gùn, ó rọra, bí ìmí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni.

Iṣẹ́ àgúnmu ni mò ń ṣe ní Ìlobù. N kò kà á nínú ìwé; ẹ̀gbẹ́ ìyá wa àgbà ni mo jókòó sí tí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Àgúnmu ikọ́ fée ní òfin tirẹ̀. Ewé rẹ̀ kékeré, ilẹ̀ ló ń fà sí, bí o bá já a, á sun wàrà. A óò sá a, a óò fi orógbó àti ataare sí i. Kí a tó gún un, aláìsàn á mí sínú odó lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò bá lè wá, á mí sínú ọ̀rá, wọ́n á so ó lẹ́nu, wọ́n á gbé e wá. Ẹnì kan lódó kan. A óò fi omi gbígbóná fọ odó, a óò dà á dé di ọjọ́ kejì, ká tó gún ti ẹlòmíràn.

"Ẹni tó bá gún ti ẹni méjì pọ̀," ìyá àgbà máa ń wí, "ìmí kan ló fún wọn. Èyí tó bá lágbára jù ni yóò máa mí in. Kó yáa da ìyókù sínú omi tó ń ṣàn, kí oníkálùkù gba àìsàn rẹ̀ padà."

Mo mọ òfin yìí. Ọ̀sẹ̀ tí ìjọba ní kí gbogbo wa jókòó sílé nítorí ìjà ilẹ̀ àwa àti Ìfọ́n ni mo rú u. Wákàtí méjì péré ni wọ́n ń fún wa láàárọ̀ láti jáde, aago mẹ́wàá sí méjìlá. Ínhélà Malikah ti tán, kò sí ọ̀nà Òṣogbo, ewé ọwọ́ mi kò sì ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Malikah ṣẹ̀ṣẹ̀ mí sínú odó tán ni Rísíkátù, ọ̀rẹ́ mi láti Ìfọ́n, sáré wọlé pẹ̀lú ọ̀rá píọ́wọ́tà tó wú bí fèrè ọmọdé. Ìmí bàbá rẹ̀ ni, kápẹ́ńtà tí ìyẹ̀fun pákó ti ba àyà rẹ̀ jẹ́.

"Mùíbátù, má fi májèlé Ìlobù sí i fún bàbá mi o," ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bí mo bá fẹ́ pa ará Ìfọ́n, ṣé màá tún gún un kúnná ni?"

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù. Mo tú ọ̀rá náà sínú odó kan náà. Mo gún un lẹ́ẹ̀kan, mo pín in sí méjì. Malikah lo tirẹ̀, Rísíkátù sáré gbé ti bàbá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Rísíkátù pè mí lórí fóònù. Ó ní àyà bàbá òun ti le sí i. Ó gbé fóònù sí bàbá lẹ́nu kí n gbọ́. Súfèé tí mo gbọ́, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ti Malikah ni. Malikah fúnra rẹ̀ jókòó níwájú mi, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ búláòsì. Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó di ìmí mú kó lè ki òwú bọ̀ ọ́. Súfèé inú fóònù dákẹ́. Òwú wọlé, Malikah mí. Súfèé bẹ̀rẹ̀ padà. Mo ní kó fa òwú náà yọ, kó tún un kì. Bákan náà ló rí.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mí kanlẹ̀ báyìí, ó tún ti dé," ni Rísíkátù wí. "Kí ni ká ṣe?"

"Ẹ máa fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná."

Odò kò jìn sí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo gbé ike tí ìyókù àgúnmu wà nínú rẹ̀, mo wo Malikah, mo rántí bí ètè rẹ̀ ṣe dúdú lọ́dún tó kọjá ká tó gbé e dé ọsibítù. Bí mo bá dà á nù, súfèé á padà, kò sì sí ínhélà. Mo ní tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà, tí mo bá ti ra ínhélà, màá dà á nù. Mo gbé ike padà sórí pẹpẹ. Mo lọ rokà.

Lọ́jọ́ kẹta, kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà, bàbá kú.

Ọ̀nà ti ṣí kó tó di àdúà ọjọ́ kẹjọ. Mo ti da ìyókù sódò. Síbẹ̀, súfèé kò padà sí àyà Malikah. Mo lọ sí Ìfọ́n, mo kúnlẹ̀ kí ìyá Rísíkátù. Rísíkátù fà mí lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n sin bàbá sí. Kò sunkún. Èmi náà kò sunkún.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, ìwọ tó mọ ọ̀rọ̀ ìmí," ó rọra sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi Síkírù ló wà nínú sàárè tó gba bàbá. Ó ní aṣọ tó bo ojú bàbá ń fà wọ imú. Ẹ̀ẹ̀mejì. Àlùfáà ní atẹ́gùn ni, wọ́n bá da erùpẹ̀ lé e. Ṣé òkú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Aago mélòó ni?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni."

Lásìkò Alásárì ọjọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ ojú tín-ín-rín ni Malikah ń lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló di ìmí mú kí òwú tó wọlé.

"Òkú kì í mí," mo wí fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ara Malikah le dáadáa báyìí. Bó bá gbé omi sẹ́nu tó di ìmí mú, mo máa ń kúrò nítòsí. Èmi ni mo sì ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó bi mí pé ṣé òun ti fọ́jú ni. Mo ní kó mú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kó sáà máa mí.