Àǹjọ̀nnú Onígọ̀mbọ́

"Ei, Ìkhlàs! Ɛyɛ hu paa!" Afia ọ̀rẹ́ mi ké lédè ìlú wọn pé ó bani lẹ́rù gan-an, ó sì fò sẹ́yìn kúrò nídìí kọ̀ǹpútà.

Orí mi wú. Oṣù méjì ni mo fi ṣe géèmù náà fún ìdíje iléèwé wa. Nínú géèmù tèmi, ẹni tó ń ṣeré kì í sá fún àǹjọ̀nnú. Òun gan-an ni àǹjọ̀nnú. Tó bá tẹ bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ ńlá á gbéra, ilẹ̀ á mì, àwọn ará ìlú á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èmi tí mo dá a pàápàá, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

"Níbo lo ti rí ojú burúkú yìí?" Afia bi mí.

"Mo kàn rò ó ni."

Irọ́ ni. Ojú ìyá bàbá mi ni mo yà. Ọmọ Ìlọrin ni Màmá àgbà, ilà gọ̀mbọ́ sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ tó wá bẹ̀ mí wò níléèwé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sá pamọ́ sí, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi má bàa mọ̀ pé èmi ló wá wò.

Lọ́sàn-án Sátidé, nílé wa ní àdúgbò Alabar, Màmá àgbà jókòó tì mí. "Jẹ́ kí n ta á wò." Mi ò lè kọ̀. Ó ní "Bísìmílà," ó tẹ bọ́tìnnì. Àǹjọ̀nnú dìde, ará ìlú tú ká.

"Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti rí yín, wọ́n á sá."

Ọmọ kan ṣubú lójú ọ̀nà. Èmi àti Afia ti tẹ ọmọ yẹn mọ́lẹ̀ tó ìgbà ogún. Màmá àgbà dá àǹjọ̀nnú dúró títí ọmọ náà fi dìde kọjá. Ẹnu yà mí. Èmi ni mo dá a, mi ò mọ̀ pé ó lè ṣàánú.

Ni ó bá fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà, ó tún fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ gbì.

"Ìyá mi ní kí àwọn èèyàn mi lè dá mi mọ̀ níbikíbi ni wọ́n ṣe kọlà yìí fún mi. Ìwọ dá mi mọ̀, Ìkhlàs. Kí ló wá dé tó o kọ́ wọn láti máa sá?"

Ojú tì mí, mo sunkún. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Wallahi, màá pa gọ̀mbọ́ náà rẹ́."

"Má pa á rẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ni kó o tún ṣe."

Títí di Mọ́ńdè, ọjọ́ ìdíje, ni mo ń tún un ṣe. Ní báyìí, ará ìlú kò ní í sá àfi tí àǹjọ̀nnú bá lu ẹnì kan. Iṣẹ́ kánjúkánjú ni, géèmù náà dákú lẹ́ẹ̀mejì níwájú àwọn adájọ́, ẹ̀bùn sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣiṣẹ́, Afia ló ń tẹ bọ́tìnnì. Ó mú sùúrù. Ọmọ kékeré náà rọra wá, ó di ìka àǹjọ̀nnú mú. Gbogbo kíláàsì sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

"Ojú ta nìyí gan-an?" Afia sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìyá bàbá mi," ni mo dáhùn, kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe tìtorí ìyìn ọ̀rẹ́ fi ojú ẹni tó bí yín dẹ́rù ba ayé.